Báàgì Aláwọ̀n Tí A Fi Òwú Hun: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí A Lè Ṣe Lẹ́nu Ìsọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Olówùú bá wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò ráyè wá, àti nítorí àwọn tó wá ṣùgbọ́n tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí òǹkà ojú rẹ̀ lórí ìwé.)

Ọjà á tà o. A ò ní tà ládànù. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò la ó ti rí i.

Akọ̀wé ní kí n má pẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń ta òwú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn díẹ̀. Ẹ fara dà á fún mi.

Báàgì tí mò ń fi ọwọ́ hun yìí ni wọ́n ní kí n wá bá yín sọ. Ẹ wò ó. Ẹ jẹ́ kó máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì títí yóò fi dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ẹ fà á dáadáa, ẹ má bẹ̀rù, kò ní já. Òwú ni, ìkọ́ kan ṣoṣo ni mo fi hun ún. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí jẹnẹrétọ̀. Kíróṣé ni. Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwé nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ á rántí rẹ̀. Òun là ń fi ṣe fìlà ọmọ tuntun àti aṣọ orí tábìlì nígbà náà.

ÌDÍ TÍ MO FI BẸ̀RẸ̀

Mi ò ní fi pamọ́ fún yín, nítorí pé ọmọ ìyá la jẹ́ lọ́jà yìí. Ní ọdún 2019 ni baálé mi ṣubú ní balùwẹ̀. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la lò nílé ìwòsàn. Gbogbo owó tó wà nínú ìsọ̀ mi ló bá oògùn lọ. Nígbà tó tán, mo lọ yá owó gbómúlélántà. Mo rí àwọn tó ń mi orí níbẹ̀ yẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí àwọn agbowó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀ ẹni láti àárọ̀, tí oníbàárà á dé, tí á wo àwọn, tí á wo ìwọ, tí á sì kọjá lọ bí ẹni pé kò rí ẹ rí.

Níbi tí mo máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ọwọ́ mi ń yún mí. Ẹni tó ti ń tajà láti kékeré, tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro èròkérò. Mo ní kí ọmọ mi bá mi mú ìkọ́ kan wá láti ìsọ̀, kó mú òwú kọ́tìn funfun kan tí eku ti jẹ lápá kan, tí mi ò lè tà mọ́, mọ́ ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Mi ò mọ ohun tí mò ń hun gan-an. Ó di àpò. Nọ́ọ̀sì kan rí i, ó ní, "Mama, èló lẹ máa tà á?" Ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí mo ti ń tajà fún ogún ọdún, mi ò tíì rò ó rí pé ọjà ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín o. Báàgì kọ́ ló san gbèsè yẹn. Àjọ tí ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó ló san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, n kò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n owó ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, èyí tí kì í gbọ́ àwáwí, báàgì ló ń bá mi dí ihò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ọjà bá dákẹ́, báàgì méjì tàbí mẹ́ta á sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe fún mi nìyẹn, ó sì tó.

IṢẸ́ OBÌNRIN NI LÁTI ÌBẸ̀RẸ̀

Àwọn kan á ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òwú kì í ṣe ti òyìnbó. Àwọn ìyá wa àgbà ló ń gbọ̀n òwú, tí wọ́n ń ran án, tí wọ́n sì ń fi í hun kíjìpá lórí òfì tó dúró sára ògiri nínú ilé. Wọn kì í pa ìsọ̀ tàbí ìdáná tì kí wọ́n tó hun ún. Wọ́n á hun díẹ̀, wọ́n á lọ ro ọkà, wọ́n á padà wá hun díẹ̀. Bí kíróṣé ṣe rí náà nìyẹn. Oníbàárà dé, ẹ gbé e kalẹ̀. Oníbàárà lọ, ẹ gbé e.

Àwọn òyìnbó pàápàá, ìyà ló kọ́ púpọ̀ nínú wọn ní iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Áyálándì, láti ọdún 1845, àrùn kan mú ọ̀dùnkún òyìnbó wọn, èyí tí àwa náà ń pè ní Irish lọ́jà. Ó jẹrà lóko. Òun sì ni oúnjẹ tálákà. Ìyàn ńlá mú, àwọn èèyàn kú lọ bí eṣú, àwọn míì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ní àkókò ìyàn yẹn ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkọ́ hun léèsì fún títà. Ní ìlú kan tó ń jẹ́ Clones, ìyàwó àlùfáà kan, Cassandra Hand, dé síbẹ̀ ní ọdún 1847, ó sì rí i dájú pé wọ́n kọ́ àwọn aráàlú níṣẹ́ náà. Àwọn olówó ìlú ńláńlá ń ra léèsì yẹn, àwọn tálákà Áyálándì sì ń fi owó rẹ̀ jẹun. Ìkọ́ bíńtín báyìí! Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní eré ọmọdé ni.

Ohun kan tún wà. Aṣọ tí a ń wọ̀, ẹ̀rọ ló ń hun ún. Súwẹ́tà, ẹ̀rọ ló ń hun ún. Ṣùgbọ́n kíróṣé, títí di òní, ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó wà lórí àtẹ ní gbogbo ayé. Torí náà, kò sí iléeṣẹ́ tó máa fi ẹ̀rọ tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún jáde lóru kan kó wá ba iye owó jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

ÒFIN Ọ̀RÁ

Ẹ tún wo àsìkò tí a wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fòfin de fóòmù funfun tí a fi ń di oúnjẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, ó kan àwọn ike àlòsọnù mìíràn àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tó ń bá wa ná ọjà, òfin tiwọn lórí ọ̀rá ti wà láti ìparí ọdún 2017. A ti bú ìjọba, a ti ṣépè, a ti ní kí ló kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá rọ̀, tí gọ́tà bá kún, tí omi bá wọ ìsọ̀ wa, tí a bá fi igi ro gọ́tà yẹn, kí la máa ń rí níbẹ̀? Ọ̀rá tí a fúnra wa fi di ọjà ni.

Ìyá Aláta bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ìyá Olówùú, ta ló máa fi báàgì ẹgbẹ̀rún náírà ra ata igba náírà?" Òótọ́ ló sọ. Báàgì yìí kò lè bá ọ̀rá du iye owó, kò sì yẹ kó dán an wò. Ẹni tó ń ra ata igba náírà kọ́ là ń bá wí. Àwọn oníbàárà tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni: oníṣẹ́ ìjọba tó ń ra ọjà ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọge tó fẹ́ báàgì tó dára lójú, àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa pín fún àlejò. Àwọn yẹn á rà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì gbé e, ìsọ̀ rẹ ni wọ́n á máa rántí.

ÒWÚ TÓ YẸ

Ẹ jẹ́ ká wá sí orí iṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ ni òwú, mo sì máa sọ òdodo bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ń tà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà wa, kì í ṣe irun àgùntàn rárá. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti rí i, bí wọ́n ṣe ń rí ike. Ó dára fún fìlà ọmọdé. Kò dára fún báàgì tí wọ́n máa gbé iṣu sí. Á máa nà, á máa nà, títí tí ìdí báàgì á fi kan orúnkún.

Kọ́tìn ni kí ẹ lò, èyí tí wọ́n ká lóko. Kò fi bẹ́ẹ̀ nà, ó lágbára, tó bá tutù gan-an ló tún ń lágbára sí i. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe máa mọ kọ́tìn? Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́ tán. Ẹ já òwú náà díẹ̀, bí ìka kan, ẹ mú un pẹ̀lú irin, kì í ṣe pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ ṣáná sí i. Tó bá jó bí ìwé, tó rùn bí ìwé tó ń jó, tí eérú rẹ̀ kúnná tó ń fẹ́ lọ, kọ́tìn ni. Tó bá yọ́, tó ká jọ, tó wá di kókó líle bí orí ìṣáná, ọ̀rá ni. Ẹ máa dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á fún yín. Kódà, ẹ dán an wò níwájú èmi náà. Mi ò ní bínú.

Báàgì kan á jẹ nǹkan bí gíráàmù 150 sí 200. Ìkọ́ tó yẹ ni ti mìlímítà 4. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ òwú aláwọ̀ ni, pàápàá pupa tàbí búlúù, ẹ rẹ ìwọ̀nba kan sínú omi, kí ẹ fi aṣọ funfun fún un. Tó bá yawọ̀ sára aṣọ yẹn, á yawọ̀ sára léèsì oníbàárà.

BÍ A ṢE Ń HUN ÚN

Ẹni tí kò bá mọ kíróṣé rárá, kó wá bá mi lẹ́nu ìsọ̀, torí pé ojú ló ń rí i kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti mọ ṣéènì, kó máa bá mi bọ̀.

Èkíní ni ìdí báàgì. Ẹ ṣe ṣéènì 4, kí ẹ so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kó di òrùka. Inú òrùka yẹn ni ẹ máa hun ojú kúkúrú 6 sí. Ojú kúkúrú ni èyí: ẹ ti ìkọ́ bọ ihò, ẹ fa òwú wá, yóò di méjì lórí ìkọ́, ẹ tún kọ́ òwú, ẹ fà á gba inú méjèèjì kọjá. Ó tán. Ní ìyípo kejì, ẹ hun méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ní ìyípo kẹta, ẹ hun ẹyọ kan sínú ojú kan, méjì sínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó di 18. Ní ìyípo kẹrin, ẹyọ kan, ẹyọ kan, lẹ́yìn náà méjì. Ó di 24. Ẹ ti rí i báyìí pé mẹ́fà mẹ́fà ló ń lé. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ìyípo kejìlá. Yóò di ojú 72. Ẹ fi òwú àwọ̀ mìíràn sàmì sí ibi tí ìyípo kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ṣìnà.

Tí ìdí rẹ̀ bá ń ká sókè bí àwo ọbẹ̀, ẹ ti gbàgbé láti fi kún un. Tó bá ń ṣẹ́po bí etí gèlè, ẹ ti fi kún un jù. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì. Tí kò bá tẹ́, ẹ tú u. Má wulẹ̀ ní "á dára tó bá yá". Kì í dára.

Èkejì ni ara báàgì, ibi tó dà bí léèsì. Ẹ ṣe ṣéènì 5, ẹ fo ojú 2, kí ẹ hun ojú kúkúrú kan sínú ìkẹta. Fèrèsé kan nìyẹn. Tí ẹ bá yí i ká, fèrèsé 24 lẹ máa ní. Láti ìyípo tó tẹ̀ lé e, ẹ ṣe ṣéènì 5, ojú kúkúrú kan sí abẹ́ fèrèsé tó kàn, ṣéènì 5, ojú kúkúrú kan sí abẹ́ fèrèsé tó kàn. Ẹ máa yí i lọ láì dúró, kò sí ohun tí ẹ máa so pọ̀. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń yá, ibí náà lẹ ti lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ á sì máa lọ. Ìyípo bíi 18 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n: kó ga tó sẹ̀ntímítà 27 sí 30.

Fèrèsé yìí dára fún ọsàn, àlùbọ́sà, iṣu, búrẹ́dì, ìwé ọmọ ilé ìwé. Atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i, àlùbọ́sà kò ní tètè jẹrà níbẹ̀. Kò dára fún ata rodo, á jábọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ èyí tó máa gba nǹkan kéékèèké, ẹ lo ṣéènì 3 dípò 5, tàbí kí ẹ fi ègé ańkárá tí télọ̀ gé sọnù rán inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu. Ẹ hun ìyípo kan pẹ̀lú ṣéènì 3 dípò 5, kí ẹnu lè sún kì. Lẹ́yìn náà, ẹ hun ojú kúkúrú 3 sínú fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta lọ́nà 24, ó tún di 72. Ẹ hun ìyípo 5 lé e lórí, láìfi kún un, láìdín in kù.

Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

IBI TÍ MO TI ṢUBÚ

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ojú ń kán mi. Owó ọ̀sẹ̀ ń bọ̀. Dípò kí n hun ìyípo 5 tó ki sí ẹnu báàgì, mo hun ẹyọ kan. Dípò kí n hun ọwọ́ jáde látara báàgì, mo hun ún lọ́tọ̀, mo wá fi òwú kan ṣoṣo rán an mọ́ fèrèsé. Ibi tí òwú bá sì ti tán, mo máa ń ta kókó, mo máa ń gé ìdí rẹ̀ mọ́ ọn kó lè mọ́ lójú. Lójú, ó mọ́ lóòótọ́.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ra ọ̀kan. Ó kó ìgò òróró méjì àti ẹ̀wà sí i. Ní ibùdókọ̀, bó ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, ọwọ́ báàgì já. Òróró fọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ẹ̀wà bá gọ́tà lọ, bọ́ọ̀sì sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, mama yẹn wá sí ìsọ̀ mi. Mo ti ń múra èébú sílẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn gbé ọwọ́ báàgì tó já yẹn sórí tábìlì mi, ó ní, "Ìyá Olówùú, ẹ wo iṣẹ́ yín." Ó jókòó. Kò sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ gbọ́, èébú sàn ju ìyẹn lọ. Mo san owó òróró, mo san owó ẹ̀wà, mo hun báàgì mìíràn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Báàgì 11 ló wà lórí àtẹ mi lọ́jọ́ yẹn, tí gbogbo wọn rí bákan náà. Mo kó wọn lọ sílé. Kíróṣé kò ṣòro tú: tí ẹ bá rí ìdí òwú tó gbẹ̀yìn, tí ẹ fà á, gbogbo rẹ̀ á máa tú wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo tú mọ́kànlá nínú òru ọjọ́ kan. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bá mi ká òwú náà sí bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ yẹn lòun ló ń bá mi ka ojú. Tí mo bá ń hun ìdí báàgì lálẹ́, á máa kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: àádọ́rin, mọ́kànléláàádọ́rin, méjìléláàádọ́rin. Dókítà ní ó dára fún ẹnu rẹ̀. Tí mo bá fo ojú kan, á ní "Padà." Mo máa ń padà.

Torí náà, bí a ṣe ń ṣe ọwọ́ nìyí. Ẹ má gé òwú lẹ́yìn ẹnu báàgì. Ẹ hun ojú kúkúrú 8, ẹ yí i padà, ṣéènì 1, ẹ tún hun 8 padà, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí tí ọwọ́ náà á fi gùn tó sẹ̀ntímítà 50. Ẹ má jẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹrù bá wọ inú báàgì, ọwọ́ á ṣì nà díẹ̀. Ẹ wá ka ojú 28 lára ẹnu báàgì láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọwọ́ ti jáde, kí ẹ rán orí ọwọ́ mọ́ ojú 8 tó tẹ̀ lé e. Ojú 28 náà ló máa kù ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ rò ó: 8 àti 28, 8 àti 28, ó jẹ́ 72. Tí kò bá pé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á wọ́. Ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì, kí abẹ́rẹ́ wọlẹ̀ dé ìlà kẹta ẹnu báàgì.

Ibi tí òwú bá ti tán, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kókó. Ẹ fi ìdí òwú tó tó sẹ̀ntímítà 15 sílẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá wọ̀ ọ́ sínú ojú, lọ sí ọ̀tún, padà sí òsì. Kí ẹ sì rí i pé ibi tó ki ni ẹ ti so ó, bíi ìdí tàbí ẹnu, kì í ṣe àárín fèrèsé. Kí báàgì kankan tó kúrò lọ́wọ́ mi báyìí, mo máa ń kó ẹrù kílò 5 sí i, má a gbé e kọ́ sára ìṣó di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá máa já, kó já nílé mi.

Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, kó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹ. Tó bá sá a kọ́ sórí okùn nígbà tó kún fún omi, omi á fà á gùn.

IYE OWÓ

Obìnrin, a máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wa tọrẹ. A máa ń ka owó òwú, a kì í ka ara wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kì í ṣe iye ọjà ni mo fẹ́ sọ o, torí pé ọjà ń yí lójoojúmọ́. Ọ̀nà ìṣírò ni. Ká ní òwú báàgì kan jẹ́ 4,000 náírà. Ká ní wákàtí 8 lẹ fi hun ún, tí ẹ sì ka wákàtí kọ̀ọ̀kan sí 500 náírà. Iṣẹ́ jẹ́ 4,000. Àpapọ̀ di 8,000. Ẹ fi 800 lé e fún ọkọ̀, fún ìkọ́ tó ṣẹ́, fún òwú tí eku jẹ. Ó di 8,800. Tí oníbàárà bá ná an wá sí 5,000, ẹ ti mọ̀ pé wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Ẹ lè gbà, ẹ lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ẹni tó bá ń kọ́ ọ, báàgì àkọ́kọ́ lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan. Kó má tà á. Kó gbé e lọ sọ́jà fúnra rẹ̀ fún oṣù kan. Ibi tó bá ti ní àléébù á fi ara hàn.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo fi máa jókòó. Èkíní, tí a bá tó mẹ́wàá tó fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ ká da owó pọ̀ ra òwú lápapọ̀. Ẹni tó bá ń ra ẹyọ kan ẹyọ kan, èrè rẹ̀ ti bá owó òwú lọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń ta òwú, ẹ̀bẹ̀ yìí lè dín ọjà mi kù, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká ní òfin láàárín ara wa pé báàgì tí kò bá gbé kílò 5 di ọjọ́ kejì kò gbọ́dọ̀ dé orí àtẹ. Tí ti ẹnì kan bá já lójú títì, oníbàárà kò ní ní "ti Ìyá báyìí ló já." Á ní "ti àwọn obìnrin ọjà yẹn ló já." Gbogbo wa ni òróró yẹn máa ta sí lára.

Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo máa wà lẹ́nu ìsọ̀ mi láti kọ́ ẹni tó bá fẹ́. Mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ mú ìkọ́ yín wá, ẹ mú bọ́ọ̀lù òwú kan wá, kí ẹ sì dán an wò pẹ̀lú ìṣáná kí ẹ tó mú un wá. Ẹni tí agbowó bá wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kó má tijú, kó wá. Mo mọ bó ṣe rí. Ọ̀nà ọ̀fun kì í ṣe ọ̀nà ọ̀run. A ó jọ wá nǹkan ṣe sí i.

Ọ̀kan nínú yín bi mí ṣáájú ìpàdé yìí pé ṣé gbèsè náà ti tán. Ó ti tán. Baálé mi ńkọ́? Ó wà, ó kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má fo ojú kankan, torí òun ń kà á.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ajé á bá wa gbélé, ọwọ́ wa kò ní rọ, ọjà á tà wàràwàrà o. Àṣẹ.